Bí ẹ ṣe lè fi iná wá ìwọ̀n iyọ̀ tó wà nínú omi

Omi iyọ̀ kò ní àmì lójú. Ẹ bu omi kànga sínú ife kan, kí ẹ bu omi tí iyọ̀ ti yọ́ sí sínú èkejì, ojú lásán kò lè sọ èwo ni èwo. Ahọ́n lè sọ pé iyọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ahọ́n kì í sọ iye. Iye yẹn ni ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ ń wá nígbà tí wọ́n bá ní kó fi omi iyọ̀ wẹ ẹja rẹ̀. Òun náà ni ìyá oníwàrà ń wá bó bá fẹ́ kí omi iyọ̀ tó ń rẹ wàrà sí lónìí rí bíi ti àná. Àwọn ọmọ SS tí ìdánwò WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀ náà ń wá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì ni tiwọn.

Ọ̀nà kan wà tí kò gba kẹ́míkà, tí kò sì gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ bu díẹ̀ nínú omi iyọ̀ náà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e kaná títí omi á fi gbẹ tán, kí ẹ wá wọn iyọ̀ tó kù. Omi ló máa lọ, iyọ̀ ò ní lọ. Kí iyọ̀ tábìlì tó lè yọ́ lórí iná fúnra rẹ̀, ooru gbọ́dọ̀ tó 801°C, iná tí a máa lò níbí kò sì ní sún mọ́ ọn rárá.

Ìṣirò rẹ̀ kò ju kí a yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì pín in lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ JSS lè ṣe é. Orí òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ wà. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn tí èsì wọn kì í bára mu kì í sábà jẹ́ àwọn tó ṣi ìṣirò ṣe. Iyọ̀ tí kò tíì gbẹ ni wọ́n wọ̀n, tàbí kí díẹ̀ nínú iyọ̀ ti fò jáde kí wọ́n tó gbé abọ́ lé òṣùwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ díẹ̀ nídìí iná bí a bá débẹ̀.

Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

Òṣùwọ̀n ni àkọ́kọ́. Èyí tó dára ni èyí tó ń ka nọ́ńbà méjì lẹ́yìn pọ́ìǹtì, ìyẹn 0.01 g. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ta wúrà ń lò. Kò tóbi ju fóònù lọ, bátìrì ló sì ń lò, kò kàn án bí NEPA bá gbé iná. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná, tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà, 1 g, 2 g, 3 g ló ń kà, kì í ka ohun tó wà láàárín wọn. A lè lò ó, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ púpọ̀ lẹ máa gbẹ. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí iyọ̀ tó máa kù nínú abọ́ tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó kéré jù tí òṣùwọ̀n lè kà. Bó bá ń ka 0.01 g, iyọ̀ 1 g ti tó. Bó bá jẹ́ 1 g ló ń kà, iyọ̀ gbọ́dọ̀ tó 100 g, èyí sì lè gba omi iyọ̀ tó ju lítà kan lọ. Ẹ ro owó gáàsì ibẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dán òṣùwọ̀n náà wò kí ẹ tó gbára lé e. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kúrò lójú fáànù. Ẹ fi sìríńjì fa píọ̀ wọ́tà 20 mL, ẹ tú u sínú ike tí ẹ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Nínú ooru tiwa yìí, omi náà yẹ kó wúwo tó nǹkan bíi 19.9 g. Bó bá sọ 18 tàbí 22, nínú òṣùwọ̀n àti sìríńjì, ọ̀kan ń purọ́.

Abọ́ tánganran inú lábù ló dára jù fún gbígbẹ omi. Bí kò bá sí, abọ́ irin tí kì í dípẹtà, èyí tó fẹjú tí kò jìn púpọ̀, máa ṣe é. Ẹ má lo àlùmíníọ̀mù, nítorí omi iyọ̀ gbígbóná máa ń jẹ ẹ́ lára. Àwo onírin tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó náà kò dára: ìpẹtà á wọ inú iyọ̀, ẹ ó sì máa wọn irin pọ̀ mọ́ ọn. Ìgò lásán á là lórí iná.

Ìyókù ò le. Sìríńjì 20 mL láti kẹ́míìsì, láìsí abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ (bí ẹ bá ní pìpẹ́ẹ̀tì, ó tún dára jù). Ẹ̀mú tí ẹ máa fi gbé abọ́ gbígbóná. Ọ̀pá gíláàsì kékeré tàbí ṣíbí tíì tí kì í dípẹtà. Àrọ gíláàsì tó fẹ̀ díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ lè bo abọ́. Ike ńlá onídèrí tó ń pa dé dáadáa, kí ẹ sì kó àwọn àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, àwọn tó ń fa ọ̀rinrin, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé àti bírò, nítorí orí kì í gbà gbogbo nọ́ńbà dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ro omi náà

Omi iyọ̀ tó ti dúró mọ́jú nínú kẹ́ẹ̀gì lè ki nísàlẹ̀ ju òkè lọ, pàápàá bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn da iyọ̀ sí i láìrò ó. Ẹ gbọn kẹ́ẹ̀gì náà tàbí kí ẹ fi igi tó mọ́ rò ó dé ìsàlẹ̀. Bí ìdọ̀tí tàbí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń wà nínú iyọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ tàbí pépà asẹ́ sẹ́ ẹ kí ẹ tó fa èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Iyanrìn kì í gbẹ bá omi lọ, á jókòó ti iyọ̀ nínú abọ́.

Bí ẹ bá rí iyọ̀ tí kò yọ́ nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti rò ó dáadáa, omi náà ti yó nìyẹn, kò lè gba iyọ̀ mọ́. Ẹ fa omi òkè nìkan, kí ẹ sì kọ bí omi náà ṣe gbóná tó sílẹ̀, nítorí iye tí omi lè gbà ń yí pa dà pẹ̀lú ooru. Ti iyọ̀ tábìlì kì í yí púpọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ń ṣe potassium nitrate, oríṣi iyọ̀ mìíràn, ní ilé ìwé, láti 20°C dé 40°C nìkan, ohun tí omi 100 g lè gbà ń fò láti nǹkan bíi 32 g dé 64 g.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn abọ́ òfìfo

Abọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kì í gbẹ bí ẹ ṣe rò. Ẹ gbé e kaná fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá máa lo ọ̀pá gíláàsì tàbí ṣíbí láti ro iyọ̀ lórí iná, ẹ fi sínú abọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ara wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Iyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, inú ìwọ̀n náà ló ṣì wà.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà gidi kí ọ̀rọ̀ lè yé wa: ká ní abọ́ àti ọ̀pá jẹ́ 48.32 g.

Àwọn kan fẹ́ràn láti tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ òṣùwọ̀n di 0.00 pẹ̀lú abọ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n má bàa yọ nǹkan kúrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Òṣùwọ̀n kékeré máa ń kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bátìrì má bàa tán, bó bá sì ti kú, òdo yẹn ti lọ. Abọ́ yín á ṣì wà lórí iná nígbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fa omi iyọ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ fi omi iyọ̀ náà ṣan sìríńjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ da ìyẹn nù. Ẹ tún fa òmíràn, ẹ dojú sìríńjì sókè kí ẹ fi ìka ta á kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ti í dé 20 mL géérégé, ẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ tú u sínú abọ́. Ẹ gbé abọ́ pa dà sórí òṣùwọ̀n. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó di 69.48 g.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a ti mọ nǹkan méjì báyìí: 20 mL ni omi iyọ̀ náà, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ 69.48 − 48.32, ìyẹn 21.16 g. Ẹ mú méjèèjì dání. Ẹ ó rí ìwúlò wọn níbi ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé e kaná

Ibi yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò séwu. Omi pọ̀, iyọ̀ ti yọ́, ẹ lè jẹ́ kí iná ràn díẹ̀. Ẹ má kàn jẹ́ kó hó gùdùgùdù títí tí á fi máa ta sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ gbé abọ́ lé ẹnu ìkòkò omi tó ń hó, kí ooru omi ìkòkò náà máa gbóná abọ́ látìsàlẹ̀. Báyìí, abọ́ kò lè gbóná ju omi híhó lọ, nǹkan kan kò sì ní ta jáde. Ó lọ́ra, àmọ́ ẹ lè máa ṣe nǹkan mìíràn lọ. Ẹ ṣá má gbàgbé pé ìsàlẹ̀ abọ́ á tutù rin. Ẹ nù ún gbẹ kí ó tó dé orí òṣùwọ̀n.

Nígbà ọyẹ́, oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè ṣe apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ bo abọ́, nítorí eruku ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe kékeré, kí ẹ wá fi iná parí rẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀. Iná èédú lásán láìsí nǹkan láàárín kò dára, torí eérú á máa fò bọ́ sínú abọ́.

Nígbà tí omi bá kù díẹ̀, ẹ ó rí i tí iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hàn létí abọ́, lẹ́yìn náà ojú omi á dì bí ojú ògì tó ti tutù. Abẹ́ èèpo yẹn ni ewu wà. Omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbóná, kò rí ọ̀nà jáde. Bí iná bá ń jó lọ bẹ́ẹ̀, omi náà á já èèpo náà gbà, á sì gbé iyọ̀ fò kọjá etí abọ́. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ ó gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn lábù: "Sà! Sà! Ó ń fò o!" Ìdáhùn mi kì í yí pa dà: "Gbé e kúrò lórí iná ná, ká tó sọ̀rọ̀."

Nítorí náà, ní kété tí ẹ bá rí iyọ̀ létí abọ́, ẹ dín iná kù débi tó kéré jù. Ẹ fi ọ̀pá gíláàsì fọ́ èèpo náà jẹ́jẹ́, kí ẹ máa rò ó kí omi abẹ́ rẹ̀ lè rí àyè lọ. Ẹ dojú àrọ gíláàsì bo abọ́: ohun tó bá fò á lu ara rẹ̀, ooru á sì máa gba ojú ihò òkè jáde. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ inú àrọ, ẹ fi ẹ̀kán omi mélòó kan ṣàn án pa dà sínú abọ́ kí ẹ tó gbẹ ẹ́ tán. Bí ẹ bá ti rí iyọ̀ lórí tábìlì tàbí lórí sítóòfù, ẹ dá a dúró, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tuntun. Kò sí ìṣirò tó lè dá iyọ̀ tó ti bọ́ sílẹ̀ pa dà.

Kódà lẹ́yìn tí iyọ̀ bá ti dà bíi pé ó gbẹ, ẹ ó ṣì máa gbọ́ tí ó ń dún tà-tà-tà. Omi díẹ̀ máa ń há sínú ẹyọ iyọ̀ nígbà tó ń dì. Bí ooru bá mú un, á fọ́ ẹyọ náà láti inú wá. Ẹ má ṣí àrọ kúrò lórí abọ́ títí ariwo yẹn á fi dáwọ́ dúró.

Láti gbẹ ẹ́ dé òpin, ẹ lè gbé abọ́ sínú ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná ní nǹkan bíi 110°C. Ẹni tí kò bá ní ààrò lè lo iyanrìn, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́pà fi ń yan ẹ̀pà: ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú agbada, ẹ ri ìsàlẹ̀ abọ́ mọ́ ọn díẹ̀, kí iná máa jó jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. Ooru á kárí abọ́ bákan náà. Kí abọ́ tó dé orí òṣùwọ̀n, ẹ gbọn gbogbo iyanrìn ìdí rẹ̀ dànù, nítorí ẹyọ iyanrìn díẹ̀ péré ti tó láti yí nọ́ńbà ìkẹyìn pa dà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọ̀n ọ́n títí kò fi ní dínkù mọ́

Ẹ má gbé abọ́ gbígbóná lé òṣùwọ̀n. Yàtọ̀ sí pé ó lè ba òṣùwọ̀n jẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè lára abọ́ máa ń gbé e díẹ̀, òṣùwọ̀n á sì ka ohun tó kéré sí òtítọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù débi tí ọwọ́ lè gbà á mú.

Ibi tó ti ń tutù ṣe pàtàkì. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bíi 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ wa máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, àgàgà láàárọ̀ àti lálẹ́, ìdí sì nìyẹn tí iyọ̀ inú agolo ilé ìdáná fi máa ń rin tí á sì dì gbagidi. Iyọ̀ tí kò mọ́ tó máa ń fa omi kí ọ̀rinrin tó tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, inú ike onídèrí tí a kó àpò afọ̀rinrin sí ni kí abọ́ ti tutù, pẹ̀lú ìdérí lórí. Ní ìgbà ọyẹ́, orí tábìlì náà lè tó.

Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún gbé e pa dà sínú ooru fún bí ìdajì wákàtí, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìwọ̀n méjì tó tẹ̀ lé ara wọn á fi dọ́gba. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìwọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ 50.31 g, ìkejì 50.14 g, ìkẹta 50.12 g, ìkẹrin 50.12 g. Ó ti dúró. Iyọ̀ tó gbẹ nìyẹn.

Ojú lè tan yín jẹ níbí o. Ní 50.31 g, iyọ̀ náà funfun, ó ń fọ́, kò sẹ́ni tó máa wò ó tí kò ní sọ pé ó ti gbẹ. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, èsì yín á jẹ́ 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 8.5. Àṣìṣe yẹn tóbi, ìdajì wákàtí kan sí i ni ì bá sì mú un kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣirò

Iyọ̀: 50.12 − 48.32 = 1.80 g.
Omi iyọ̀: 69.48 − 48.32 = 21.16 g.
Omi tó lọ: 21.16 − 1.80 = 19.36 g.

Láti orí nọ́ńbà mẹ́ta yìí, ẹ lè sọ ìwọ̀n náà ní oríṣi ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń bára wọn jiyàn lásán. Bí ẹ bá pín iyọ̀ sí gbogbo ìwúwo omi iyọ̀, 1.80 ÷ 21.16 × 100, ó jẹ́ 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá pín in sí mL omi iyọ̀ náà, 1.80 ÷ 20 × 100, ó di 9.0. Bí ẹ bá sì pín in sí omi nìkan, 1.80 ÷ 19.36 × 100, ó di 9.3 g iyọ̀ fún omi 100 g. Èèyàn mẹ́ta lè dúró ti kẹ́ẹ̀gì kan náà, kí ọ̀kan ní 8.5, kí èkejì ní 9, kí ẹ̀kẹta ní 9.3, kí gbogbo wọn sì jàre. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ pín in sí. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ọsibítù, tí wọ́n ń pè ní 0.9%, ti mL ni: iyọ̀ 9 g nínú lítà kan.

Fún iṣẹ́ ilé, g nínú lítà kan ló rọrùn jù. 20 mL jẹ́ 0.020 lítà, nítorí náà 1.80 ÷ 0.020 = 90 g nínú lítà kan. Àwọn ọmọ ilé ìwé á kọ ọ́ ní 90 g/dm³, nítorí dm³ kan àti lítà kan, ọ̀kan náà ni. Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ sọ ọ́ ní mol/dm³, ẹ pín 90 sí ìwúwo móòlù kan sodium chloride, ìyẹn iyọ̀ tábìlì, 58.5 g (sodium 23, chlorine 35.5), ẹ ó rí 1.54 mol/dm³.

Ẹ má kọ 8.506616 tí kákúlétọ̀ gbé jáde. Òṣùwọ̀n yín kò mọ ìyẹn. Iyọ̀ 1.80 g lórí òṣùwọ̀n 0.01 g lè yẹ̀ ní 0.01 tàbí 0.02, èyí sì jẹ́ bí 1 nínú ọgọ́rùn-ún èsì náà. 8.5 ni kí ẹ kọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé èsì náà ṣeé gbà gbọ́

Ẹ ṣe abọ́ méjì pọ̀ látinú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Bí ọ̀kan bá sọ 90 tí èkejì sọ 89 tàbí 91, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Bí èkejì bá sọ 82, ó ṣeé ṣe kí iyọ̀ ti fò jáde nínú rẹ̀.

Àlà kan tún wà tí iyọ̀ tábìlì kò lè kọjá. Ní ojú ọjọ́ tiwa, omi 100 g kò lè yọ́ ju nǹkan bíi 36 g iyọ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ bí 26 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo omi iyọ̀, tàbí bí 317 g nínú lítà kan. Bí ẹ bá gba omi iyọ̀ tó mọ́ gaara, tí ìṣirò yín wá sọ 40 g fún omi 100 g, ẹ má wulẹ̀ yẹ kákúlétọ̀ wò: omi ṣì wà nínú iyọ̀ yín, tàbí nǹkan mìíràn wà nínú omi náà yàtọ̀ sí iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn yìí kan omi kànga wa dáadáa. Omi kànga ní ohun àlùmọ́ọ́nì tirẹ̀ tó ti yọ́ sínú rẹ̀ láti inú òkúta àti ilẹ̀. Ẹ wo ẹ̀fun tó máa ń dì mọ́ inú kẹ́tù. Bó bá jẹ́ omi kànga ni wọ́n fi po iyọ̀ náà, ẹ gbẹ 200 mL omi kànga yẹn nìkan nínú abọ́ mìíràn. Ká ní ó fi 0.10 g sílẹ̀. Nínú 20 mL, ìyẹn jẹ́ 0.01 g, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1.80, ó ku 1.79. Nínú omi iyọ̀ tó ki bíi ti wa yìí, kò tó nǹkan. Nínú èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kò ju 2 g nínú lítà kan lọ, ó lè jẹ́ ìdá mẹ́rin gbogbo èsì yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fojú fò ó. Áyódìn tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀ ní tirẹ̀ kéré débi tí òṣùwọ̀n yìí kò lè rí i.

Ohun tí ọ̀nà yìí kò lè wọ̀n

Iná kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ohun mìíràn tó kù nínú abọ́. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má gbìyànjú rẹ̀: ṣúgà á jó, á dúdú, ohun tó kù kì í sì í ṣe iyọ̀ mọ́. Kànún náà kò ṣeé ṣe báyìí. Ó ní omi àti gáàsì nínú ara rẹ̀ tí ooru máa ń lé jáde, ó sì lè pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ bó ṣe ń yí pa dà sí sodium carbonate. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì pàdánù jù bẹ́ẹ̀, bíi 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú lábù, copper sulphate aláwọ̀ búlúù á di funfun bí ooru bá ti lé omi inú rẹ̀; bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èwo ni ẹ ń wọ̀n nínú méjèèjì. Omi òkun, tí ìpíndọ́gba iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 35 g nínú kílò kan, ní magnesium nínú, magnesium yẹn sì máa ń di omi mú pinpin tí kì í fẹ́ jẹ́ kí iyọ̀ gbẹ tán ní 110°C.

Lílo èsì náà

Ká ní omi iyọ̀ 90 g nínú lítà kan ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì, tí ẹni tó ń tọ́jú ẹja yín wá ní kí ẹ lo 10 g nínú lítà kan, lítà 18. Iyọ̀ tí ẹ nílò jẹ́ 10 × 18 = 180 g. Ẹ pín in sí 90, ó jẹ́ lítà 2. Ẹ bu lítà 2 nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ kún un dé lítà 18, ẹ rò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ki sí i ńkọ́? Lítà 5 ní 90 g nínú lítà kan ní iyọ̀ 450 g. Láti gbé e dé 120, ó gbọ́dọ̀ ní 600 g, nítorí náà ẹ fi 150 g kún un. Iyọ̀ tí ẹ fi kún un á mú kí omi náà gòkè díẹ̀, kò ní jẹ́ 120 géérégé, á rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí iṣẹ́ yín bá fẹ́ kó péye, ẹ rò ó títí kò fi ní sí iyọ̀ kankan nísàlẹ̀, kí ẹ tún fa 20 mL mìíràn, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ wò.